Bí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kékeré ṣe lè so mọ́ olùpèsè méjì àti IXPN láìda ọ̀nà ẹlòmíràn rú

Ẹni tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé àti ọ́fíìsì ní Bódìjà, ní Akóbọ̀ tàbí ní Abẹ́òkúta sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú olùpèsè kan ṣoṣo ní Èkó. Wọ́n á fún un ní àdírẹ́sì díẹ̀, á fi ráútà MikroTik kan ṣe NAT kí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lè pín àdírẹ́sì kan, iṣẹ́ á sì máa lọ. Ọjọ́ tí olùpèsè yẹn bá dákú ni wàhálà ń dé. Oníbàárà kò mọ orúkọ olùpèsè yín, nọ́ńbà fóònù tiyín ló ní lọ́wọ́.

Ẹni tó fẹ́ kúrò nípò yẹn ni mo kọ èyí fún: ẹni tó fẹ́ ní nọ́ńbà AS tirẹ̀ (nọ́ńbà tí a fi ń dá nẹ́tíwọọ̀kì kan mọ̀) àti àdírẹ́sì tirẹ̀, kí ó gba ọwọ́ olùpèsè méjì jáde, kí ó sì pàdé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní IXPN, ibi tí àwọn nẹ́tíwọọ̀kì Nàìjíríà ti ń so mọ́ ara wọn. Mo gbà pé ẹ ti mọ ohun tí subnet jẹ́, ẹ sì ti fọwọ́ ara yín tún ráútà ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí látorí ẹ̀rọ: ṣé Juniper ni ká rà ni, àbí Cisco? Lójú tèmi, ẹ̀rọ ló yẹ kó kẹ́yìn. Ohun tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ mọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà wọlé, èyí tí ẹ máa jẹ́ kó jáde, àti ẹni tó máa tún un ṣe ní aago méjì òru.

1. Ẹ wò ó bóyá ẹ nílò BGP rárá

Bí olùpèsè kan ni ẹ ní, tí ẹ kò sì ní fi ìkejì kún un lọ́dún yìí, default route kan, ìyẹn ọ̀nà kan ṣoṣo tó ń gbé gbogbo packet lọ sọ́dọ̀ olùpèsè, ti tó yín. BGP kì í mú íntánẹ́ẹ̀tì yá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kéde fún àwọn nẹ́tíwọọ̀kì yòókù pé àdírẹ́sì báyìí báyìí wà lọ́dọ̀ yín, kí ó sì gba irú ìkéde bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ tiwọn. Ó máa ń gba ohun tí wọ́n bá sọ fún un gbọ́ láìbéèrè ẹ̀rí. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ wà, torí náà ẹni tí kò nílò rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ṣe fáàrí.

2. Nọ́ńbà AS, àdírẹ́sì, àti ìwé mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé wọn

Ní Áfíríkà, AFRINIC ló ń pín nọ́ńbà àti àdírẹ́sì, Mauritius sì ni ọ́fíìsì wọn wà. Wọ́n á béèrè ìwé CAC, ìwé àṣẹ NCC, àti àlàyé bí ẹ ṣe fẹ́ lo ohun tí ẹ ń béèrè. Láti oṣù January 2020 ni IPv4 tó kù lọ́wọ́ wọn ti wọ ìpele tó kẹ́yìn: /22 ló pọ̀ jù tí ẹ lè gbà lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn àdírẹ́sì 1,024, /24 ló sì kéré jù. Ẹjọ́ tó ti wà ní kóòtù Mauritius lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí ti dá ọ̀pọ̀ nǹkan dúró ní AFRINIC, nítorí náà ẹ má ṣe fi ọjọ́ tí ẹ máa ṣí iṣẹ́ sọ́wọ́ ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù yín máa jáde.

Ẹ gba IPv6 pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àmọ́ owó wà níbẹ̀. Pẹ̀lú àdírẹ́sì 1,024, ẹ máa ní láti fi CGNAT kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sórí àdírẹ́sì kan, ẹ̀rọ CGNAT sì máa ń wọ́n. YouTube, Facebook àti Netflix ń ṣiṣẹ́ lórí IPv6, ohun tí àwọn ènìyàn sì ń wò jù lálẹ́ nìyẹn. Gbogbo ohun tó bá gba orí IPv6 kọjá kò ní kan CGNAT rárá.

Ní ọjọ́ tí nọ́ńbà bá jáde, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó sùn. Ẹ lọ sójú ìwé àkọọ́lẹ̀ yín ní AFRINIC, kí ẹ ṣe ROA: èyí ni ìwé tí a fi ọwọ́ sí tó ń sọ pé AS yín nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kéde àdírẹ́sì náà. Ẹ kọ route object sínú IRR (ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀nà) ti AFRINIC, torí olùpèsè púpọ̀ ṣì ń ti ibẹ̀ yẹn fa asẹ́ wọn, ìyẹn òfin tó ń sọ ọ̀nà tí ráútà máa gbà àti èyí tó máa dá padà. Lẹ́yìn náà, ẹ forúkọ sílẹ̀ ní PeeringDB, àkọsílẹ̀ gbogbogbò àwọn nẹ́tíwọọ̀kì, kí ẹ fi àdírẹ́sì ímeèlì NOC (ẹ̀ka tó ń ṣọ́ nẹ́tíwọọ̀kì) síbẹ̀, kì í ṣe ti ẹnì kan tó lè fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la.

Ẹ ṣọ́ra fún maxLength nínú ROA, ìyẹn ìpín tó kéré jù tí ROA gbà kí a kéde. Bí ẹ bá ní /22, tí /22 yẹn nìkan sì ni ẹ ń kéde, ẹ má ṣe kọ maxLength 24 pé bóyá a máa nílò rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ jí ọ̀nà yín á fi nọ́ńbà AS yín sẹ́yìn tirẹ̀, á kéde /24, ROA tiyín fúnra rẹ̀ á sì sọ pé ó tọ́. Iye tí ẹ ń kéde gan-an ni kí ẹ kọ.

3. Olùpèsè méjì tí kì í ṣe ọ̀kan náà

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ọ̀nà méjì tó gba orí afárá kan ṣoṣo kọjá, ọjọ́ tí afárá yẹn bá wó ni ẹ máa mọ̀ pé ọ̀kan ni.

Ní ọjọ́ 14 oṣù March 2024, okùn mẹ́rin já nísàlẹ̀ òkun nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ẹni tó ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ olùpèsè méjì ní Èkó, tí ọ̀kan wà lórí WACS, tí èkejì wà lórí MainOne, pàdánù méjèèjì pọ̀. Ẹni tó ní ọ̀kan lórí Equiano tàbí Glo-1 kò dúró, ó kàn falẹ̀ ni. Irú ìyàtọ̀ yìí kì í hàn nínú ìwé iye owó, ẹni tó bá béèrè ló ń mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kankan, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè wọ̀nyí, kí ẹ sì gba èsì rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Okùn abẹ́ òkun wo ni ọ̀nà àkọ́kọ́ wọn ń gbà? Èwo ni wọ́n ń sá lọ bí ó bá já, ṣé wọ́n sì ti san owó rẹ̀ sílẹ̀ ni àbí ìgbà tó bá já ni wọ́n máa tó lọ wá a? Ta ló ni fáíbà láti Èkó sí ọ̀dọ̀ yín, ọ̀nà wo ló sì gbà kọjá? Fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn, èyí tó kẹ́yìn yẹn le ju ti òkun lọ. Fáíbà tó bá gba ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ kọjá wà lábẹ́ kátápílà gbogbo ẹni tó bá ń tún títì ṣe. Ẹ béèrè fáìlì KMZ tó ń fi ọ̀nà fáíbà hàn lórí máàpù, kí ẹ gbé ti olùpèsè méjèèjì lé ara wọn. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fi hàn yín, ẹ ti gba èsì yín. Mo máa ń gbà pé kí ọ̀kan jẹ́ fáíbà, kí èkejì wá láti ọ̀nà mìíràn pátápátá, ì báà jẹ́ rédíò microwave tí kò gba tó ìdajì èyí tí fáíbà ń gbà.

Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ka owó. Púpọ̀ nínú wọn ń lo ìṣirò 95th percentile: wọ́n ń wọn ìlò yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún jálẹ̀ oṣù, wọ́n á yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó ga jù kúrò, èyí tó ga jù nínú ìyókù ni ẹ máa sanwó lé. Nínú oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́, wákàtí 36 ló yọ kúrò bẹ́ẹ̀. Ìyẹn dára fún ẹni tí ìlò rẹ̀ ń ga lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe ẹni tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń wo fíìmù ní gbogbo alẹ́ láǹfààní.

Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ní community (àmì tí a ń so mọ́ ìkéde BGP) fún blackhole. Bí ẹnì kan bá ń fi ìkún omi packet kọlu àdírẹ́sì kan ní ọ̀dọ̀ yín, ẹ máa kéde /32 rẹ̀ pẹ̀lú àmì yẹn, olùpèsè á sì dà á nù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. RFC 7999 ti yan 65535:666 fún un, àmọ́ àwọn kan ní tiwọn lọ́tọ̀. Olùpèsè tí kò bá ní èyí kankan, ẹ ronú dáadáa kí ẹ tó bá a lọ.

Èyí tó kẹ́yìn ni bóyá kí ẹ gba full table (gbogbo ọ̀nà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tàbí default nìkan. Full table IPv4 ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ìlà báyìí, ti IPv6 sì ti kọjá 200,000. Kò pọn dandan kí ilé-iṣẹ́ kékeré gbé gbogbo rẹ̀. Ẹ lè gba default pẹ̀lú àwọn ọ̀nà tó jẹ́ ti oníbàárà olùpèsè náà nìkan, ẹ̀rọ tó kéré á sì tó yín. Àmọ́ ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe default yẹn. Bí wọ́n bá kàn kọ ọ́ sínú ráútà wọn pé kó máa fi ránṣẹ́ nígbà gbogbo, okùn wọn lè já lábẹ́ òkun, kí default sì máa wá bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ráútà yín á máa da packet sínú kànga. Ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ ọ̀nà kan tó ń ti òkè òkun wá, kí default parẹ́ bí ọ̀nà yẹn bá parẹ́. Bí wọn kò bá lè ṣe é, ẹ gba full table.

4. IXPN

Ẹ má ṣe fi èyí sí ọdún tó ń bọ̀. Ní IXPN, àwọn nẹ́tíwọọ̀kì Nàìjíríà ń fún ara wọn ní packet tààrà, kí ohun tó ń ti Ìkẹjà lọ sí Lẹ́kí má baà gba London kọjá. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ni fídíò àti ìkànnì ayélujára náà wà níbẹ̀, torí náà apá púpọ̀ nínú ohun tí oníbàárà ń wò lè gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín, owó transit yín, ìyẹn èyí tí ẹ ń san fún olùpèsè, á sì dínkù.

Ẹ máa gba port, ẹ máa sanwó wáyà láti ibi àpótí yín sí ti wọn nínú dátà sẹ́ńtà kan náà. Route server, ẹ̀rọ tó ń pín ọ̀nà àwọn ẹgbẹ́ fún ara wọn, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: session (ìsopọ̀ BGP láàrin ẹ̀rọ méjì) méjì péré, ẹ ti rí ọ̀nà ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa kọ̀wé sí àwọn tí ẹ ń bá ṣe pàṣípààrọ̀ packet jù pé kí ẹ jọ ní session ti ara yín. Lórí port yẹn, ẹ pa gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò ní iṣẹ́ níbẹ̀: proxy ARP, CDP, LLDP, spanning tree, DHCP, router advertisement. Ráútà MikroTik tuntun máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ láìjẹ́ pé ẹ ní kó sọ ọ́. Àwọn tó ń bójú tó switch níbẹ̀ á ti port yín pa, wọn kò sì jẹ̀bi.

5. Sọ́fítíwíà: ti ọwọ́ yín ni kí ẹ mú

Bí ẹ bá fẹ́ lo sáfà Linux gẹ́gẹ́ bí ráútà, tàbí kí ẹ lò ó fún route server àti ìdánwò, mẹ́ta ló wà tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gbẹ́kẹ̀ lé.

FRR ni àkọ́kọ́. Kunihiro Ishiguro ló bẹ̀rẹ̀ Zebra ní ọdún 1996, Quagga yọ jáde láti ara rẹ̀, FRR sì yọ láti ara Quagga, wọ́n kéde rẹ̀ ní 2017. Àṣẹ rẹ̀ jọ ti Cisco débi pé ẹni tó bá kọ́ Cisco ní ilé ẹ̀kọ́ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. OSPF àti IS-IS tó ń pín ọ̀nà nínú ilé, BFD tó ń tètè mọ̀ bí ìsopọ̀ bá já, gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀. VyOS pẹ̀lú, FRR ló wà nínú ikùn rẹ̀.

BIRD wá láti Czech, CZ.NIC ló ń tọ́jú rẹ̀. Kò jọ Cisco rárá. Ẹ máa kọ asẹ́ bí ẹni ń kọ prógíràmù, pẹ̀lú if àti else àti function, ẹ sì lè ka ohun tí ẹ kọ lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn kí ó yé yín. Ọ̀pọ̀ ibi ìpàdé íntánẹ́ẹ̀tì lágbàáyé ló ń lò ó fún route server, torí ó lè gbé session púpọ̀ láìmi. Ìkẹta ni OpenBGPD tó ti ọ̀dọ̀ àwọn onígbàgbọ́ ààbò ní OpenBSD wá. Ó kéré, ó mọ́, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò sì pọ̀ ní àyíká wa.

Tí ẹ bá bi mí, FRR ni kí ẹ fi ṣe ráútà tí ẹnjiníà mẹ́ta yàtọ̀ síra máa fọwọ́ kàn, BIRD fún ibi tí asẹ́ bá ti díjú. Ẹ má ṣe mú èyí tó dára jù lójú ẹnì kan ṣoṣo ní ilé-iṣẹ́ yín. Bí ẹni yẹn bá lọ sí Kánádà, ẹ ti há nìyẹn.

6. Ẹ̀rọ

Ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi ẹ̀rọ: ọ̀nà mélòó ló lè gbà sínú ibi tó ti ń yí packet, àti packet mélòó ló lè yí ní ìṣẹ́jú-àáyá nígbà tí wọ́n bá kéré gan-an. Iye gígábíìtì tó wà lára páálí kò dáhùn èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ti bá ọ̀pọ̀ jà. Ní ọjọ́ 12 oṣù August 2014, full table IPv4 kọjá 512,000 fún ìgbà díẹ̀, àwọn ráútà àtijọ́ tí àyè TCAM wọn (ibi tí chip ń tọ́jú ọ̀nà sí) kò ju bẹ́ẹ̀ lọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í da packet nù káàkiri ayé. Lónìí, irú àpótí bẹ́ẹ̀ ṣì wà lọ́jà tòkunbọ̀, ó dán, ó rẹwà. Fún ẹni tó ń gba default àti ọ̀nà IXPN nìkan, kò burú. Fún ẹni tó ń gba full table, irin lásán ni.

Ìbéèrè kejì ló máa tú àṣírí sáfà Linux. Sáfà tó dáa máa gbé gígábíìtì mélòó kan pẹ̀lú packet ńlá láìlàágùn. Bí ẹnì kan bá wá rọ òjò packet kékeré lé e lórí, CPU á kún, BGP fúnra rẹ̀ á sì bọ́ sílẹ̀ nítorí kò rí àyè fi keepalive, ìkíni tó ń sọ pé òun ṣì wà, ránṣẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn kí Linux ṣe iṣẹ́ ọpọlọ, kí switch tàbí ráútà tó ní chip tirẹ̀ ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀, bí agbára bá ká a.

MikroTik, ti Latvia, ló gba ọwọ́ wa jù, ìdí rẹ̀ sì hàn: owó rẹ̀ rọ̀ wá lọ́rùn. RouterOS 6 ń fi core kan ṣoṣo ṣe BGP, full table sì máa ń mú un rìn bí ìgbín lẹ́yìn tí session bá já. RouterOS 7 tún apá yẹn kọ pátápátá. Ẹ̀rọ CCR tuntun lórí ẹ̀yà 7 lè sin ilé-iṣẹ́ kékeré dáadáa, tí ẹ bá ń dúró kí ẹ̀yà tuntun kọ́kọ́ gbó lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí ẹ tó gbé e sórí ráútà etí, èyí tó kọjú sí olùpèsè. Juniper MX204 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wá nígbà tí ẹ bá ń sún mọ́ 10 gígábíìtì sókè.

Ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé láísẹ́ǹsì kì í sábà tẹ̀ lé àpótí, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kò sì ní fún yín ní sọ́fítíwíà tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ mìíràn kì í gba SFP (ohun kékeré tí fáíbà ń wọ̀ lára ẹ̀rọ) tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ ra SFP tó ṣẹ́kù sílẹ̀, kí ẹ sì ra méjì nínú gbogbo ohun tó bá ní fáànù àti power supply. Fi power supply kan sí orí ínfátà, èkejì sí orí iná tó yàtọ̀. Kò sí ohun tí BGP lè ṣe fún ẹni tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kú.

7. Asẹ́ ni kí ẹ kọ kí session tó gbéra

Ní ọjọ́ 12 oṣù November 2018, ọ̀nà tó jẹ́ ti Google gba MainOne ní Nàìjíríà bọ́ sọ́wọ́ China Telecom, ó sì tàn ká. Packet tó ń lọ sí Google láti àwọn apá kan lágbàáyé bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibi tí kò yẹ. MainOne sọ pé àṣìṣe nínú asẹ́ BGP ni, nígbà tí wọ́n ń tún nẹ́tíwọọ̀kì ṣe, pé àwọn sì tún un ṣe láàrin ìṣẹ́jú 74. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ogun. Ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí olùpèsè, ẹni tó gbà á kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Àṣìṣe yìí ló rọrùn jù láti ṣe fún ẹni tó ní olùpèsè méjì àti IXPN, ìyẹn ẹ̀yin gan-an.

Òfin rẹ̀ kúrú. Ohun tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ olùpèsè tàbí ẹgbẹ́, oníbàárà yín nìkan ni kó gbọ́ ọ. Ohun tí ẹ máa kéde fún olùpèsè àti ẹgbẹ́ ni àdírẹ́sì tiyín àti ti oníbàárà yín, kò sì sí ohun mìíràn.

Bó ṣe máa rí nínú FRR nìyí, pẹ̀lú nọ́ńbà tí a yà sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ:

```
ip route 203.0.113.0/24 blackhole
!
ip prefix-list TIWA seq 5 permit 203.0.113.0/24
ip prefix-list TIWA-WOLE seq 5 permit 203.0.113.0/24 le 32
!
ip prefix-list PANTI seq 5 permit 0.0.0.0/8 le 32
ip prefix-list PANTI seq 10 permit 10.0.0.0/8 le 32
ip prefix-list PANTI seq 15 permit 100.64.0.0/10 le 32
ip prefix-list PANTI seq 20 permit 127.0.0.0/8 le 32
ip prefix-list PANTI seq 25 permit 169.254.0.0/16 le 32
ip prefix-list PANTI seq 30 permit 172.16.0.0/12 le 32
ip prefix-list PANTI seq 35 permit 192.168.0.0/16 le 32
ip prefix-list PANTI seq 40 permit 224.0.0.0/3 le 32
ip prefix-list PANTI seq 45 permit 0.0.0.0/0 ge 25
!
route-map OLUPESE-A-WOLE deny 5
 match ip address prefix-list PANTI
route-map OLUPESE-A-WOLE deny 10
 match ip address prefix-list TIWA-WOLE
route-map OLUPESE-A-WOLE deny 15
 match rpki invalid
route-map OLUPESE-A-WOLE permit 20
 set local-preference 100
!
route-map JADE permit 10
 match ip address prefix-list TIWA
!
router bgp 64500
 no bgp default ipv4-unicast
 neighbor 198.51.100.1 remote-as 64496
 address-family ipv4 unicast
  network 203.0.113.0/24
  neighbor 198.51.100.1 activate
  neighbor 198.51.100.1 route-map OLUPESE-A-WOLE in
  neighbor 198.51.100.1 route-map JADE out
 exit-address-family
```

Ìlà blackhole òkè yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Ó ń mú kí àdírẹ́sì yín wà nínú táblì nígbà gbogbo, kí ìkéde yín má baà máa wọlé jáde pẹ̀lú ráútà kan nínú ilé. Ìlà TIWA-WOLE ń dá àdírẹ́sì yín padà bí ó bá ń ti ìta wá. Route-map JADE kò ní ìlà kejì, torí náà ohun gbogbo tí kò bá sí nínú TIWA dúró sílé. Ẹ kọ irú rẹ̀ kan náà fún IPv6, níbi tí /48 ti jẹ́ èyí tó kéré jù tí ayé máa gbà.

RFC 8212 ti 2017 sọ pé session eBGP tí kò bá ní asẹ́ kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun, kò sì gbọdọ̀ fi ohunkóhun ránṣẹ́. FRR ń tẹ̀ lé e. Bí session bá gbéra tí ẹ kò sì rí ọ̀nà kankan, ẹnì kan á sọ fún yín pé kí ẹ kọ `no bgp ebgp-requires-policy`, nǹkan á sì ṣí. Ẹ má ṣe gbọ́ tirẹ̀. Asẹ́ ni ẹ kò tíì kọ.

Ní IXPN, ẹ fi maximum-prefix sí ọrùn gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ wo iye tí wọ́n kọ sí PeeringDB, kí ẹ fi díẹ̀ lé e. Bí ẹgbẹ́ tó máa ń fi ọ̀nà 200 ránṣẹ́ bá ṣàdédé fi 200,000 ránṣẹ́, session á wó lulẹ̀ kí ó tó ba tiyín jẹ́. Bákan náà, kò sí ìdí tí ẹgbẹ́ yín ní Èkó fi máa mú ọ̀nà tí nọ́ńbà Tier 1 (àwọn olùpèsè tó tóbi jù lágbàáyé) wà nínú AS path rẹ̀, ìyẹn àtòkọ nọ́ńbà AS tó gbà kọjá, wá fún yín: ẹ fi as-path access-list dá a padà. Bgpq4 lè ti inú IRR kọ àtòkọ oníbàárà yín fún yín. Ẹ jẹ́ kó máa ṣe é lóru, kí ènìyàn sì máa wo ohun tó yí padà kó tó wọlé.

Ohun kan tó tún wúlò ni role, tí RFC 9234 gbé jáde ní 2022. Ẹ máa sọ fún session pé oníbàárà ni yín, olùpèsè ni wọ́n, ráútà méjèèjì á sì fi àmì sára ọ̀nà tí kò yẹ kó jáde mọ́. FRR àti BIRD ti mọ̀ ọ́n. Ẹ bẹ olùpèsè yín pé kó tan án lọ́dọ̀ tirẹ̀.

Fún RPKI, ètò tó ń fi ROA yẹ ọ̀nà wò, ẹ gbé Routinator tàbí rpki-client sórí ẹ̀rọ kékeré méjì, kí ráútà máa bá wọn sọ̀rọ̀. Nínú FRR, `-M rpki` gbọ́dọ̀ wà lára ohun tí ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ bgpd, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìlà `match rpki invalid` kò ní gbà. Invalid, ìyẹn ọ̀nà tó tako ROA, nìkan ni kí ẹ dá padà. Èyí tí kò ní ROA rárá, ẹ gbà á, torí apá ńlá lára íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà bẹ́ẹ̀.

8. Ta ló ń gbé kí ni

Packet tó ń jáde wà lọ́wọ́ yín. Local preference, nọ́ńbà tó ń sọ ọ̀nà tí ráútà máa kọ́kọ́ yàn, ni: 300 fún oníbàárà, 200 fún IXPN, 100 fún transit tó dára, 90 fún èyí tó wọ́n. Ó parí.

Èyí tó ń wọlé ni ẹ máa bẹ̀bẹ̀ fún, oníbàárà ilé sì ń gbà ju bó ṣe ń fi ránṣẹ́ lọ. Prepend ni gbogbo ènìyàn ń kọ́kọ́ lò, wọ́n á fi nọ́ńbà AS wọn sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ọ̀nà náà lè dà bí èyí tó gùn. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tó bá ń ṣiṣẹ́. Olùpèsè yín ti fi local preference gíga fún ọ̀nà oníbàárà rẹ̀, torí èyí ló ń sanwó, BGP sì ń wo local preference kó tó wo bí AS path ṣe gùn tó. Bí ẹ bá prepend lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, etí rẹ̀ kò ní gbọ́. Community olùpèsè ló lè gbọ́: ọ̀pọ̀ wọn ní àmì tó ń mú kí wọ́n fi preference tó rẹlẹ̀ fún ọ̀nà yín. Bí ìyẹn kò bá sí, ẹ kéde /22 fún méjèèjì, kí ẹ fi /23 kan sí ọ̀kan, /23 kejì sí èkejì. Bí ọ̀kan bá kú, /22 á gba ìyókù. Ẹ tún ROA ṣe kí ẹ tó ṣe é, ROA fún /23 kọ̀ọ̀kan, kí ayé má baà kà wọ́n sí invalid.

9. Ojú tó ń ṣọ́ ọ, àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn

Ẹ máa wo ara yín láti òde. Bgp.tools àti RIPE RIS máa fi hàn yín ohun tí ayé ń rí, looking glass olùpèsè yín (ojú ìwé tó ń fi ohun tí ráútà wọn rí hàn) náà wúlò. Ẹ ṣètò ìkìlọ̀ tó máa dún bí ẹlòmíràn bá kéde àdírẹ́sì yín, tàbí bí olùpèsè kan kò bá rí i mọ́.

Ní ọjọ́ 4 oṣù October 2021, Facebook fọwọ́ ara rẹ̀ fa ọ̀nà tirẹ̀ kúrò nínú BGP, ó sì kú fún bíi wákàtí mẹ́fà. Apá kan nínú ohun tó mú un pẹ́ ni pé irin-iṣẹ́ tí wọ́n fi ń tún un ṣe gba orí nẹ́tíwọọ̀kì kan náà. Bí ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ ní sí ráútà yín bá ń gba inú ráútà yẹn kọjá, ẹ kò ní ọ̀nà. Ẹ so wáyà console mọ́ ráútà kékeré tó ní SIM 4G, kí SIM náà wá láti ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe olùpèsè yín, kí ẹ sì máa rántí ra dátà sí i. Mo ti rí ibi tí gbogbo rẹ̀ pé, tí dátà nìkan kò sí.

Kí ẹ tó gbé oníbàárà kankan sórí ètò tuntun yìí, ẹ mú òru kan láàrin ọ̀sẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi community 65535:0 sí ìkéde yín sí olùpèsè àkọ́kọ́, kí àwọn tó mọ àmì náà kúrò níbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà ẹ ti session rẹ̀ pa. Ẹ wo bí ìṣẹ́jú-àáyá mélòó ṣe kọjá kí fídíò tó tún máa lọ. Ẹ dá a padà, ẹ ṣe ti èkejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ fáíbà náà gan-an kúrò lára ẹ̀rọ, torí session tí ènìyàn pa àti wáyà tó já kò jọra: láìsí BFD, ráútà lè dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko lórí hold timer, aago tó ń ka bí ẹnìkejì ṣe dákẹ́ pẹ́ tó, kó tó gbà pé ẹnìkejì ti lọ. Bí olùpèsè bá gbà láti tan BFD, ẹ tan án. Bí kò bá gbà, ẹ bá a ṣe hold timer tó kúrú, kí ẹ sì tún yọ fáíbà náà lẹ́ẹ̀kan sí i.